Ta Ló Gé Ìkíni Mi Kúrú?

                                        Ilé Alájà Mẹ́ta,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Alọṣọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o sùn, ṣé o jí ire? Orúnkún ńkọ́? Ojú ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ṣe ẹ́ bíi pé wọ́n ta kọ́tìnnì sí i? Ọmọ ẹ ọkùnrin ńkọ́, ìyàwó ẹ̀ ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ ń lọ síléèwé dáadáa? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìfojúkanra, ẹ kú... Ókéè! Alọṣọ, èmi lo ṣe "ókéè" fún? Èmi tá a jọ ṣiṣẹ́ níbi ìfọṣọ ilé ìwòsàn fún ọdún mọ́kànlélógún, tí mò ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, tí ìwọ ń lọ̀ ọ́, tí gbogbo wọn fi ń pè wá ní Afọṣọ àti Alọṣọ bíi pé ìyá kan ló bí wa? Ókéè!

Oníkánjú, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má wojú mi. Mo mọ̀ pé mi ò tíì kí wọn tán. Èyí tó ń gbóná nínú mi ni kó o kọ́kọ́ kọ.

Má bínú, Alọṣọ. Ọmọ ọmọ mi tí mò ń pè ní Oníkánjú ló ń bá mi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti há mi lọ́fun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì dáa bó ṣe jáde. Jẹ́ kí n wá rò ó fún ẹ bó ṣe jẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ẹ, mo ní kí Oníkánjú gbé fóònù kó kọ̀wé sí ẹ, torí etí ẹ tí ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ ti bà jẹ́ yẹn, bí mo bá pè ẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ mi kó o tó gbọ́. Mo jókòó sí kíṣìnì, mo sì ń sọ̀rọ̀. Mo kí ẹ kú ìpayà. Mo kí ọmọ ẹ kú wàhálà, mo kí ìyàwó ẹ̀ kú ìtọ́jú. Mo ròyìn bí páìpù omi ṣe bẹ́ nísàlẹ̀, tí ẹni tó ń mójú tó ilé wa sáré wá, tó yọ̀, tó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú omi bí ìkókó tí wọ́n ń wẹ̀. Mo wá sọ fún ẹ pé mo fẹ́ wá, pé èmi ni kó jókòó tì ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń tú báńdéèjì yẹn, kó jẹ́ pé ojú tèmi lo máa kọ́kọ́ rí, bó tiẹ̀ ti hunjọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, Alọṣọ. Mo sọ̀rọ̀ débi pé omi tí mo gbé kaná gbẹ tán nínú kẹ́tùlù, ìdí kẹ́tùlù sì dúdú.

Oníkánjú fi àtàǹpàkò lu fóònù díẹ̀. Kí n tó sín, ó ní, "Mo ti fi ránṣẹ́, Màmá." Inú mi dùn. Mo ní iléèwé yìí mà dáa o, wo bó ṣe yára.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni èsì ẹ dé. Oníkánjú kà á: "Ókéè. Kò sí wàhálà. Kò pọn dandan kí wọ́n wá." Mo ní kó ka ìyókù. Ó ní ó tán. Mo gba fóònù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò.

Mo wú bíi búrẹ́dì. Mo ti di báàgì mi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, aṣọ ìsùn, táwẹ́lì, sálúbàtà inú ilé. Mo tú gbogbo ẹ̀ síta. Mo ní Alọṣọ ti débi tó ga, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ, kò nílò afọṣọ mọ́. Àwọn ará ilé yìí bi mí léèrè ẹ, mo ní kò burú, kò burú. Mi ò lè sọ fún ẹnì kankan pé ọ̀rẹ́ mi ní kí n má wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni mo gbé fóònù náà lọ bá Akọ̀wé. O ò mọ̀ ọ́n, ìgbà tó o ti lọ ló kó wá sí ìsàlẹ̀ ilé wa. Ogójì ọdún ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kó tó fẹ̀yìn tì. Mo ní kó bá mi wò ó, bóyá ọmọ yẹn fo nǹkan kan. Ó wọ dígí ojú ẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní:

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ èyí tó wà lókè yìí?"

Mo ní èmi ni, kó kà á. Ó kà á lóyìnbó, ó wá túmọ̀ ẹ̀ fún mi: "Háì. Gíránmà ní kí n kí yín. Gbogbo nǹkan wà dáadáa. Wọ́n lè wá bẹ́ ẹ bá fẹ́."

Mo ní, "Ìyẹn náà dà?"

"Ó tán, Màmá."

"Ẹni tó jókòó sínú omi ńkọ́?"

"Kò sómi níbẹ̀."

"Ẹkún tí mo sun ńkọ́?"

Ó yọ dígí ojú ẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gé."

Alọṣọ, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ fún mi pọ̀. Ó ní nígbà tóun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èèyàn ò lè tọrọ bébà lọ́wọ́ ọ̀gá lédè Òyìnbó láìkọ́kọ́ sọ pé ọlá ńlá ló jẹ́ fóun láti kọ̀wé, kó sì parí ẹ̀ pé òun ni ìránṣẹ́ wọn tó ń gbọ́ràn. Gbogbo ẹ̀ lòun ń tẹ̀ jáde. Ló bá di lọ́dún kan, ọ̀gá ní kí wọ́n yọ ọlá kúrò. Ìránṣẹ́ náà lọ. Nígbà tó yá, ọ̀wọ́n lọ, orúkọ ẹni lọ. Ọmọ ẹ̀ obìnrin wà lọ́fíìsì báyìí, "háì" lásán ni ọ̀gá fi ń ránṣẹ́ sí i, nígbà míì sì rèé, àwòrán àtàǹpàkò lásán ni. Ọmọ yẹn sọ pé bí ẹnì kan bá kí òun pẹ́ lóyìnbó, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé kí lẹni yìí ń wá lọ́wọ́ òun! Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ká mi lára.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Métíróònù wa. Ṣé o rántí bí òyìnbó tí obìnrin yẹn ń sọ ṣe máa ń dún? Bí aṣọ tó o bá lọ̀ ni, etí ẹ̀ á bá etí ẹ̀ mu. Kó tó sọ pé kóòtù dókítà ò mọ́, á bi wá bí ilẹ̀ ṣe mọ́, á bèèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan, á ní inú òun á dùn jọjọ bó bá lè ṣeé ṣe fún wa láti tún un fọ̀. Ìwọ á ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó dìgbà tó o bá padà dé ìdí áyọ́ọ̀nù kó o tó mọ̀ pé èébú ló bù ẹ́.

Ṣé o wá mọ̀ pé mo lọ sí ilé ìwòsàn wa àtijọ́ yẹn lóṣù tó kọjá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru? Dókítà kékeré kan jáde, ó ní, "Háì, máì díà!" Mo bojú wẹ̀yìn kí n rí olólùfẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Nọ́ọ̀sì tún pe dókítà yẹn ní orúkọ ẹ̀ lásán, ó sì dáhùn! Nígbà tiwa, bí dókítà ò tiẹ̀ sí nílé, Dókítà la ṣì ń pè é. Mo ti fẹ́ sọ pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn fa àga fún mi, ó di ọwọ́ mi mú nígbà tí mò ń jókòó, ó bi mí nípa orúnkún mi débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń ráhùn. Mo wá rí i pé ìkíni ẹ̀ ò sí lẹ́nu, ọwọ́ ló wà.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ Akọ̀wé, mo pe Oníkánjú jókòó. Kò jiyàn. Ó ní òun ò fi yájú, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ó ní bóun bá kọ gbogbo ẹ̀ lóyìnbó, ọmọ tó máa kà á lọ́dọ̀ yín á rò pé ẹnì kan ti kú, wọ́n kàn ń fẹ́ fẹ̀sọ̀ túfọ̀ ẹ̀ ni. Mo ní ó dáa, kó kọ ọ́ níṣojú mi, kí n rí i. Mo ní "ẹ kú ìpayà." Ó ronú, ó kọ "sọ́rì." Mo ní "ẹ kú ìrọ́jú." Ó tún kọ "sọ́rì." Mo ní "ẹ kú ìtọ́jú." Ó kọ "táńkíù." Mo ní "ẹ kú àìfojúkanra." Ó yí pẹ́ńsù lẹ́nu, ó ní ìyẹn ò sí. Ìgbà tá a fi máa parí, sọ́rì ti di mẹ́rin, táńkíù mẹ́ta. Mo ní ṣé agbọ̀n méjì péré lèdè yìí ní ni, tí wọ́n ń da gbogbo ẹ̀ sí? Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kú o! Èyí náà tún ni tiwọn, bí nǹkan bá ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín báyìí, wọ́n ti kú nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, ó kú lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sì tún wá jẹun alẹ́.

Ohun tó wá ń dùn mí rèé, Alọṣọ. Bí wọ́n bá gé tèmi, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n gé tìẹ náà. Bóyá ìwọ náà jókòó síbì kan, o sọ̀rọ̀ títí. Bóyá o ní kí n má ni ara mi lára nítorí ọ̀nà jìn, àmọ́ bí mo bá lè wá, o ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tàbí kẹ̀, "wọ́n lè wá bẹ́ ẹ bá fẹ́" tí wọ́n kà fún ẹ ló bí ẹ nínú, tó o ní, "Ṣé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ ni?" Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe ojú yẹn, mi ò sì fẹ́ kó o wọ yàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú èrò pé mo ti gbàgbé ẹ.

Ọmọ Akọ̀wé ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ló máa padà. Bó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra ẹ lo ní kí n má wá, fi gbogbo ọ̀rọ̀ tó o fi sọ ọ́ rán an sí mi, kí n gbọ́ ohùn ẹ nínú ẹ̀, mi ò ní wá. Bí kì í bá ṣe ìwọ, má wulẹ̀ fèsì. Mo ti tún báàgì yẹn dì. Ọjọ́rú tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ yẹn ni mò ń bọ̀.

Ìwọ ọmọ tó ń kà á fún wọn, o ṣeun, wàá dàgbà, wàá gbọ́n. Kà á bó ṣe wà. Má sọ fún wọn pé mo ní kó o kí wọn. Kí wọn!

Alọṣọ, bá mi kí ọmọ ẹ, kó má jẹ́ kí ìrìn ilé ìwòsàn rẹ̀ ẹ́. Bá mi kí ìyàwó ẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìtọ́jú. Kí aládùúgbò tó ń bá ẹ gbé omi. Àwa náà wà dáadáa níbí, ilé ti gbẹ.

Èmi ni, tìẹ láti ìdí omi ìfọṣọ títí di òní,

Afọṣọ.

Oníkánjú, ó yá, kà á padà fún mi látòkè. Má sáré. Bó o bá débi tí mo ti pariwo, gbé ohùn sókè, kí n gbọ́ bóyá ó dún bí ìbínú ẹni tí àárò ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń sọ. Bí kò bá dún bẹ́ẹ̀, wá bébà míì.