Àbùkù Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ilé Yín

Ẹsẹ̀ògbélé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé ọrùn ò dùn ọ́ lórí ìdì ìwé tí wọ́n ní o ń sùn lé? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ̀gá rẹ ní ilé ìtẹ̀wé, mo kí ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì yín tó jẹ́ kí a mọ ibi tí o wà. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí. Ẹsẹ̀ tí o gbé jáde, ayọ̀ ni wàá fi gbé e wọlé. Èmi náà wà, ara mi le, amọ̀ ń bẹ, igi ìdáná ń bẹ, ewúrẹ́ funfun ti bímọ méjì. Mo fẹ́ kí ọ tán kí n tó bínú, torí bí ìyá bá bínú kó tó kí ọmọ, ìkíni yẹn kì í lọ sísàlẹ̀ ọ̀fun mọ́.

Ibi iṣẹ́ rẹ ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, mi ò kọ ọ́ sílé, torí pé o ò sí nílé. Ọjọ́ Ajé lo ti jáde láì wí ohunkóhun, òní ti di Ọjọ́rú. Onílọ́rì tó máa ń kó ìkòkò mi lọ sílùú ló máa mú un wá fún ọ lọ́la, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, pé kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán. Bó bá ń wò ọ́ lójú, má bínú sí i, èmi ni mo rán an. Ohun tó ṣe pàtàkì nìyí, mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí o má baà ní o ò kà dé ìdí lẹ́tà: ní ọjọ́ Ẹtì, aago méjìlá ọ̀sán, ìwọ àti ìyàwó rẹ gbọ́dọ̀ jọ wà níwájú ìyá onílé láti fọwọ́ síwèé. Bí o kò bá sí níbẹ̀, ilé yẹn bọ́ lọ́wọ́ yín, ìyàwó wa á sì kó ẹrù rẹ̀ sí ojú títì.

Bí mo ṣe gbọ́ nìyí. Láàárọ̀ àná, ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tó máa ń bá wa fi iná sí fóònù, gbé fóònù mi wá, ó ní ìyàwó wa ti fi ohùn ránṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ ọ tó ń sunkún. Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀. Mo ní kó má sunkún mọ́, mo ní kó fi omi bọ́jú, mo ní ahọ́n àti eyín pàápàá máa ń jà. Ó dákẹ́. Mo tún tẹ ibi tí ọkùnrin yẹn fi hàn mí, ó tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, ẹkún kan náà. Mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún títí oòrùn fi yí sí ẹ̀yìn ilé, tí amọ̀ tí mo pò fi gbẹ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ padà dé ló tó là mí lóye pé ẹkún ọjọ́ Ajé ni mo jókòó tì láti àárọ̀. Mo bi í pé ta ló wá ń bá a rẹ ẹkún ti òní. Ìwọ ni ó yẹ kó dá mi lóhùn.

Láàárọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ pè. Mo kọ́kọ́ bi í bóyá òun ni tàbí ohùn àná, ó ní òun ni, ìgbà yẹn ni mo tó kí i. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, mo sì rí i pé ọ̀dọ̀ mi ni iná yìí ti ràn. Jẹ́ kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù yẹn dé, tí o ní éjéńtì ti jẹ́ kí ẹ kó wọlé ṣùgbọ́n ilé ò tíì di tiyín àfi bí mo bá ṣe onídùúró, inú mi dùn. Ta ló fi irú ipò bẹ́ẹ̀ lọ̀ mí rí? Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mi ò tíì wọ̀, mo lọ ya fọ́tò tí wọ́n ní kí n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo sọ fún ayàwòrán pé ojú líle ni kó yà fún mi, torí fọ́tò yẹn ló máa gbé ilé yín dípò mi, kí onílé máa wò ó kó mọ̀ pé ẹni tó dúró fún yín kì í ṣe ẹni àmúṣeré. Mẹ́rin ló yà. Èyí tí mo dijú níbẹ̀, mo dá a padà fún un, onídùúró kì í sùn. Wọ́n tún ní kí n tẹ àtàǹpàkò. Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí ìlà kankan. Amọ̀ ti jẹ ìlà ọwọ́ mi tán, àní ẹ̀rọ inú báńkì náà sọ lọ́jọ́sí pé òun ò mọ̀ mí rí, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé dé lánàá, èmi tí mo ti ń wọ báńkì yẹn láti ìgbà tí bàbá rẹ ń bẹ láyé. Kí éjéńtì má baà rò pé mo fi nǹkan pamọ́, mo tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún un.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè pé irú ènìyàn wo ni ẹni tí mò ń dúró fún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ta ìkòkò. Bí oníbàárà bá dé, a ó gbé e sókè, a ó fi ìka kàn án kó gbọ́ ohùn rẹ̀, ibi tó bá sán, ibi tí iná ò bá dé dáadáa, òun la ó kọ́kọ́ fi hàn án kó tó béèrè. Ẹ̀yìn àbùkù la ń sọ dáadáa. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, ó ní ẹni tó bá ń sáré yin ìkòkò rẹ̀, ìkòkò yẹn ń jò. Ṣé kí n wá ta ọmọ tèmi ní ìtàkútà?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, mo ní kí o ṣọ́ iná, o gba odò lọ, ogójì ìkòkò sì fọ́ lọ́jọ́ kan, nítorí náà kí wọ́n máa bá ọ yẹ sítóòfù wò. Mo kọ ọ́ pé o máa ń hanrun débi pé ewúrẹ́ á dìde. Mo kọ ọ́ pé o ń tọ̀ sórí ẹní títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ pé èyí ló dùn ọ́ jù, ṣùgbọ́n rò ó wò: òkè ni yàrá yín wà, ènìyàn ń gbé nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ lo wà nísàlẹ̀, ṣé o ò ní fẹ́ mọ̀ ni? Mo sì kọ ọ́ gbangba pé o ti jáwọ́. Èyí tó kẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé bí inú bá bí ọ, o kì í jà, o kì í bú ènìyàn, o kàn máa ń jáde ni. Ìdí tí bàbá rẹ fi sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀ògbélé nìyẹn. Ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ náà, o jáde, fún ọjọ́ mẹ́ta mi ò mọ̀ bóyá ọmọ mi wà láyé.

Ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n là sílẹ̀ fún mi. Mo kọ ọ́ yí etí ìwé ká, mo yí i padà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí mo wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa rẹ, mi ò rí ibi tí mo lè fi bírò lé mọ́. Mo ní kò burú, ẹni tó bá ti gbọ́ àbùkù á mọ̀ pé dáadáa ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò mọ̀ pé ará ìlú ńlá kì í dúró de ẹ̀yìn.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Lọ́jọ́ Ajé, ní ọ́fíìsì éjéńtì, ó ka ìwé mi sókè níwájú yín àti níwájú àwọn mẹ́ta tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń wá ilé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ní nígbà tí wọ́n dé ibi ẹní ni. Ó ní o wò ó, o fi bírò sílẹ̀ lórí tábìlì jẹ́jẹ́, o jáde. Ó ní ká ní o tilẹ̀ pariwo mọ́ òun ni, ọkàn òun ì bá balẹ̀.

Ọmọ mi, èmi ni mo kọ ọ́, kì í ṣe òun. Bínú sí mi. Èmi fúnra mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ṣé nítorí ẹ̀rín ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ ọlọ́mọ á ṣe máa sùn lórí àga? Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì wà nínú okùn tí ẹ fi dì í, àwo wà nínú páálí, kò tú ọ̀kan, ó ní òun ò mọ ilé tí òun fẹ́ tú u sí. Lánàá, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta orí bẹ́ǹṣì yẹn wọlé wá pẹ̀lú téèpù, ó ń wọn fèrèsé fún kọ́tìnì, ó ní kí ìyàwó wa jọ̀ọ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò kí òun lè dé ògiri. Ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò! Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, téèpù yẹn ni mo máa fi wọn ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyá onílé ló lé e jáde. Ó gòkè wá, ó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ éjéńtì, ó jókòó sórí páálí yín, ó kà á níwájú, lẹ́yìn, ó ń yí ìwé náà po bí mo ṣe kọ ọ́ yí etí ká. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gba fọ́ọ̀mù, èèyàn dáadáa ni gbogbo onídùúró máa ń kọ, àwọn èèyàn dáadáa yẹn ló sì tú ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ òun méjì lọ nígbà tí wọ́n ń kó jáde. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ìkòkò tí ẹni tó mọ ọ́n sọ àbùkù rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fi ilé fún ààbọ̀ ìdílé. Bó bá di aago méjìlá ọjọ́ Ẹtì tí ó bá jẹ́ ẹnì kan ló wá, oníkọ́tìnì ló nilé.

Jẹ́ kí n wá kọ èyí tí fọ́ọ̀mù ò gbà. Nígbà tí o padà dé lọ́jọ́ kẹta yẹn, ẹsẹ̀ rẹ wú, o bọ́ sínú kòtò amọ̀, o tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà títí o fi lọ sílùú, mi ò jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n bá amọ̀ tí a kò tíì tẹ̀. O ò gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni rí. Owó iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́, jígí ojú lo fi rà fún mi, òun ni mo wọ̀ tí mo fi ka fọ́ọ̀mù burúkú yẹn. Ká ní mo mọ̀, ìyìn rẹ ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀, kí ìyá mi bínú lọ́run.

Ṣùgbọ́n o jẹ̀bi. Ọmọkùnrin tí kò níyàwó lè rìn lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ nìkan ló máa sunkún. Ìwọ ti ní ẹni tó ń tẹ́tí sí àtẹ̀gùn bóyá ìwọ ló ń gòkè bọ̀. Ìbínú ò da nǹkan fún ni. Ilé làbọ̀ sinmi oko, kì í ṣe orí ìdì ìwé.

Onílọ́rì ti ń tẹ fèrè, ó ní òjò ń bọ̀. Mo ti gbé ìkòkò omi kan lé e lọ́wọ́ fún ọ. Ó sán díẹ̀ létí, mo ti fi èédú sàmì sí i, ṣùgbọ́n kò jò, mo bu omi sí i mọ́jú. O ò lè gbé e sí ilé ìtẹ̀wé, wọ́n á fi ẹ̀rọ fọ́ ọ. Gbé e lọ sílé. Mo fẹ́ béèrè owó bátìrì fóònù àti owó fọ́tò mẹ́rin yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò nílé. Ìgbà tí o bá ti inú ilé yín kọ̀wé sí mi ni kí o fi í sínú rẹ̀.

Ohun kan ló kù. Ní ìdí fọ́ọ̀mù yẹn, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ti béèrè pé bí ayálégbé bá fi ilé sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ni onídùúró mọ̀ sí i. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Á padà wá, ẹ má tilẹ̀kùn. Ìyá onílé ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ìyàwó wa. Láti àná ni kò ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn, ládùúgbò tí kò mọ ẹnì kan, ẹ̀rù sì ń bà á.

Bírò ni mo fi kọ ọ́, kì í pa rẹ́. Má sọ ìyá rẹ di òpùrọ́ lórí ìwé onílé.

Ilé náà á tù yín lára. Ẹ ó gbó níbẹ̀, ẹ ó bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà á sì jáwọ́ nínú ẹní kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́sàn-án. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, onídùúró rẹ, pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.