Bàtà Ọgbà Ìgbafẹ́ àti Igi Iwájú Ilé

Asárétete ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Kékeré le, ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó ká ti ń hù padà? Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn tí ẹ̀ ń fọ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti dín in kù fún yín? Omi gbígbóná tí o ń tọwọ́ bọ̀ lójoojúmọ́ kò ní bó ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń wá ọ láti ṣe ọ́ ní ibi, ọ̀nà á dàrú mọ́ ọn lójú. Ilẹ̀ tí o bá ń tẹ̀ á máa gbà ọ́, Kékeré á sì dàgbà ju èmi àti ìwọ lọ. Àmín.

Èmi bàbá rẹ wà, mo kàn wà ni. Tí àwọn ará àdúgbò bá bi mí pé báwo ni, màá ní a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí, mi ò lè máa tan ara mi nínú ìwé. Bébà ni mo fi kọ ọ́ nítorí pé tí mo bá ní ká fi fóònù ránṣẹ́, Tíṣà tó ń gbé òdìkejì wa ló máa bá mi tẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà níbí tí mi ò fẹ́ kó kà. Inú ìwé tí ìyá rẹ fi ń ya ìwọ̀n ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà ni mo ti ya ojú ewé yìí. Má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, o mọ ibi tí mo kàwé dé.

Tíṣà ka iṣẹ́ tí o rán sí fóònù rẹ̀ fún mi. Ó ní o ní kí n wá nígbà ìsinmi, kí èmi, ìwọ àti Kékeré lọ lo ọjọ́ kan ní ọgbà ìgbafẹ́ ńlá yẹn, kí n wọ bàtà tó tuni lẹ́sẹ̀ nítorí pé ìrìn ibẹ̀ pọ̀, àti pé tó bá rẹ̀ mí, àwọn igi ńláńlá wà níbẹ̀ tí mo lè jókòó sí ibòji wọn. Mo ní kó tún ibi ọ̀rọ̀ ibòji yẹn kà. Ó tún un kà. Mo tún ní kó kà á, ló bá wò mí lójú, ó ní Bàbá, ṣé kò sí o. Mo ní kò sí.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe nínú ọgbà náà gan-an. Ó ní àga kan wà tí wọ́n á fi bẹ́líìtì de èèyàn mọ́, wọ́n á gbé e lọ sókè, á máa ké, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á sì tún lọ tò láti gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Mo bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀. Ó ní wọn ò ṣẹ̀ rárá, owó ni wọ́n san. Mo ní ṣé owó ìtanràn ni. Ó ní owó ìgbádùn ni. Ọmọ mi, tó bá jẹ́ pé èèyàn lè fi owó ra igbe báyẹn, àwa kan wà tí a ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún yìí. Ó tún ní wọ́n fa ìlà sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí orí rẹ̀ ò bá kan ìlà náà kò gbọdọ̀ gun ẹ̀rọ. Èyí kọ mí lóminú. Mo lọ dúró ti férémù ilẹ̀kùn wa, níbi tí mo sàmì sí lọ́dún tí mo gbé ìyá rẹ wọlé, orí mi ò kan án mọ́. Ó fi ìka méjì dín. Bá mi bi àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bóyá àgbàlagbà tó ń kúrú bọ̀ ṣì lè wọlé, kí n má bàa wá dé ibẹ̀ kí wọ́n dá mi padà lójú ọmọ-ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ bàtà kò le, iṣẹ́ wa kúkú ni. Mo ní kí Tíṣà gbé àwòrán Kékeré jáde, mo mú okùn ìwọ̀n, mo wọn ẹsẹ̀ ọmọ náà lójú fóònù, kò tó èékánná mi. Mo ní háà, ṣé ọmọ yìí ń jẹun báyìí? Tíṣà bá fi ìka méjì ya àwòrán náà, ni ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń wú ó ń wú títí ọmọ-ìka kan ṣoṣo fi gba gbogbo ojú fóònù. Mo pariwo pé kó dá a dúró kó tó bẹ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Mo ní kó mú un wá sí agbede méjì, kó má kéré, kó má pọ̀ jù, ibẹ̀ ni mo ti wọ̀n ọ́n, mo sì ti gé awọ rẹ̀. Awọ tó rọ̀ bí etí ewúrẹ́ ni. Tìrẹ náà ti parí, ìyá rẹ ya ẹsẹ̀ rẹ sínú ìwé yìí kí o tó lọ sí ìlú ńlá, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ti òsì fẹ̀ díẹ̀.

O rántí pé kò sí bàtà tó ń kúrò lọ́dọ̀ wa tí ìyá rẹ kì í kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀. Á fi ìka tọ gbogbo ojú ìrán, ibi tó bá le, á ní kí n tú u. Ó ní oníbàtà kì í rí aránbàtà bá jà, àárín ọ̀nà lẹsẹ̀ ti ń ta á. Èmi ni mò ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n àwọ̀ ìka mi ti yi, kò mọ ibi tó le mọ́. Tó bá ta yín lẹ́sẹ̀, ẹ má bínú sí mi, ẹ bọ́ ọ dànù.

Ṣùgbọ́n mò ń yí ọ̀rọ̀ po láti òkè ni. Kì í ṣe bàtà ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ kẹta tí a sin ìyá rẹ, nígbà tí o fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, o lọ dúró lábẹ́ igi odán iwájú ilé, o fọwọ́ kan ibi tó máa ń fẹ̀yìn tì tó bá ń rán bàtà, o ní Bàbá, ó kéré tán igi yìí wà, mo máa mú Kékeré wá jókòó síbí. Ọmọ mi, igi náà ò sí mọ́. Kì í ṣe ìjì ló wó o.

Àwọn tó fẹ́ fẹ títì wá ní oṣù tó kọjá èyí tó kọjá. Ọmọlúàbí èèyàn ni wọ́n, wọ́n kí mi, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára igi náà, ó di igi kẹrìnlá. Mo rò pé wọ́n ń ka àwọn igi ni, bí wọ́n ṣe ń ka ọmọ iléèwé, torí ohun tí ìjọba bá kà, mo gbà pé wọ́n fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni. Wọ́n wá na ìwé sí mi. Awò ojú mi wà nínú ilé, ojú sì tì mí láti sọ pé mi ò rí i kà. Àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n, wọ́n pè mí ní ọ̀gá. Mo sáré fojú lé ìwé náà lókè délẹ̀ bíi pé mò ń kà á, mo mi orí, mo ní ó dára, mo kọ orúkọ mi gbàgàdà sísàlẹ̀. Mo tún bu omi tútù fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ, mo lọ bá Káfíńtà tó múlé tì wá, mo ní igi tèmi ní nọ́ńbà, tìrẹ ò ní. Ó wò mí, ó padà sídìí pákó rẹ̀. Mo rò pé ìlara ni.

Wọ́n dé pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo sáré jáde, mo ní igi tí a ti kà ni o. Ọ̀gá wọn fa ìwé yọ, ó ní Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i pé ká gé e, ẹ wo orúkọ yín. Orúkọ mi ni lóòótọ́. Wọ́n dé àárín igi, ayùn ké, ó ta iná, ọ̀kan nínú wọn bú èébú, ó ní irin wà nínú igi yìí. Abẹ́rẹ́ ìyá rẹ ni. O mọ̀ pé ara igi yẹn ló máa ń gún wọn mọ́. Ọ̀kan ti wọlé lọ pátápátá, igi ti hù bò ó. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ó ti fọ́ wẹ́wẹ́.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo fọwọ́ sí i. Káfíńtà mọ̀, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé bẹ́ńṣì kan wá fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n máa wá jókòó lọ́dọ̀ òun. Ó sàn kó ti bú mi. Inú ilé ni mò ń rán bàtà báyìí, ó ṣú, mo sì máa ń dá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà nígbà tí o ní ibòji wà ní ọgbà ìgbafẹ́, ó bá mi níbi tó ń dùn mí. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi gé ti ìyá rẹ, ṣé ó yẹ kí n tún lọ jókòó sábẹ́ ti ẹlòmíràn? Oòrùn ni kí ẹ fi mí sí, màá dé fìlà.

Mi ò ní tọrọ owó oúnjẹ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sì ní tọrọ ti oògùn. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ni mo fẹ́, ti ẹnì kan. Tí o bá ti ka ìwé yìí tán, tí o sì ṣì fẹ́ rí mi, fi í rán awakọ̀ tó mú ìwé wá, màá mọ̀ pé o ti dárí jì mí. Má fi nǹkan kan lé e, kí n má bàa rò pé àánú ni. Tí awakọ̀ bá padà lọ́wọ́ òfo, mi ò ní bi í ní nǹkan kan, màá kó bàtà yín fún un ní ìrìn-àjò rẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ sí ọgbà yẹn, yálà mo wà níbẹ̀ tàbí mi ò sí níbẹ̀, oòrùn ò ní pa yín, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ, àga tó bá gbé Kékeré lọ sókè á gbé e padà wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Kó o bí ọmọ tó máa ka ìwé kó tó fọwọ́ sí i.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń wo ọ̀nà awakọ̀.