Ohun Tí Wọ́n Gbìn Láti Ẹsẹ̀ Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Bí a ti ń bèèrè ara wa ní àlàáfíà yìí, bẹ́ẹ̀ náà la ó máa bèèrè ara wa títí o.

Ọmọ mi, a ti ṣẹ́gun! Lẹ́yìn ooru burúkú ọjọ́sí, odò ya wọ oko, inú omi ìdọ̀tí yẹn ni ọkọ́ ti bu bàbá rẹ lẹ́sẹ̀. Ó ra kápúsù méjì ní kẹ́místì bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó lo ọ̀kan, ó fi ìkejì pamọ́ sínú fìlà. Ẹsẹ̀ wú kọjá sísọ, la bá gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní oògùn méjì-méjì yẹn kò pa kòkòrò àrùn, ńṣe ló ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n, pé ooru àti omíyalé sì tún ń mú wọn pọ̀ sí i. Dókítà ní bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́, àwọn á gé ẹsẹ̀ náà. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Ni ọ̀gá tó ń ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù bá fi òwú nu ọyún ibẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbìn ín sínú àwo kékeré kan. Mo ní ta ló ń gbin ọyún? Àgbàdo tí a gbìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, oòrùn jó ti àkọ́kọ́, omi gbé ìkejì lọ. Ní ọjọ́ kejì, ọyún hù! Láìsí òjò! Inú mi ti ń dùn kí n tó rántí pé àrùn ni. Ó wá to oríṣiríṣi oògùn sínú àwo náà: ti kẹ́místì kò pa nǹkan kan, àmọ́ àyíká ọ̀kan mọ́ roro bí ibi tí a fín oògùn koríko sí. Mo ní òun nìyẹn, kí ọ̀gá tó lanu. Òun náà ni dókítà fún bàbá rẹ, ó ní kó lò ó tán. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi gbin àgbàdo díẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná tó fi ń hu nǹkan yẹn, ó ní kò sáyè.

Ní ọjọ́ karùn-ún tí ọgbẹ́ ń gbẹ, bàbá rẹ tún ti ń wá fìlà. Mo gba fìlà, mo jókòó tì í, mo ní ẹni tó roko tó ṣẹ́ èpò kù, èpò ló ń sìn. Ó lo gbogbo rẹ̀ tán.

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà òjò tó gùn dé orúnkún ránṣẹ́, torí omi á tún dé. Ìwọ náà má ra oògùn méjì-méjì o. Ọ̀nà rẹ á là, ọmọ tìrẹ náà á ṣìkẹ́ rẹ.

Bàbá rẹ ti múra, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìwé mi ti gùn jù. Òun ló ń mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì fẹ́ fi rìn.

Èmi ni, ìyá rẹ.