Ibi tí Ìṣirò ti Sọnù Mọ́ Fúnmilọ́lá Lọ́wọ́

Òdìgbò,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìíní, 1962.

Barnabas, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbàdàn, ìwọ àti ìyá Ọlọ́runyọmí? Kí Olúwa máa fi ìlera bo ilé yín. Àwa náà ń bẹ láàyè, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn tó ń dùn mí kì í jẹ́ kí n tètè dìde láàárọ̀ mọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní Ọlọ́runyọmí ṣe ìdánwò àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ìṣirò ló sì gbé e ṣubú. O bi mí léèrè ohun tí a ṣe fún Olúfúnmilọ́lá ọmọ wa tí òun fi yege. Mi ò fẹ́ kí o rò pé ọgbọ́n mi ni. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Ọdún tí a gba òmìnira ni Fúnmilọ́lá kọ́kọ́ ṣe ìdánwò yẹn, nígbà tó parí ilé-ìwé módà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fa àsíá tuntun sókè níwájú kóòtù ni ìwé dé pé wọn kò gbà á. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára; ìṣirò rẹ̀ kò dára rárá. Inú bí mi. Mo sọ fún un lójú àlejò pé, "Orí rẹ kò gba ìṣirò. Lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ." Ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e sí òkè àjà.

Nígbà tí inú mi rọ̀, àdúrà ni mo wá gbára lé. Wòlíì ìjọ wa ní kí ọmọ náà gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ karùn-ún, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lẹ́bàá odò. Magdalene ìyàwó mi pọ̀n ọ́n wálé bí ọmọ ọwọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó yíjú sí mi: "Bàbá Fúnmilọ́lá, Ọlọ́run ti gbọ́. Àwa ni a kò tíì ṣe nǹkan kan."

Òun náà ló mọ Gàzálì, ọkùnrin tó ń fi téèpù wọn igi níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ọ̀rẹ̀. Mùsùlùmí ni, àwọn kan nínú ìjọ sì kùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn nítòsí tó mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tìyá tọmọ á wọ lọ́rì lọ sí Ọ̀rẹ̀. Fúnmilọ́lá á máa bá Gàzálì ṣírò ìwọ̀n igi, ìyá rẹ̀ á jókòó sórí gẹdú kan, á máa bó ẹ̀gúsí.

Lẹ́yìn Sátidé mẹ́ta, Gàzálì ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé ọmọ náà ti sú u ni. Ó ní: "Bàbá, ọmọ yín kì í ṣe olódo o. Ó mọ ìròpọ̀, ó mọ ìyọkúrò. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ààbọ̀ àti ìdá kan nínú mẹ́rin, ilẹ̀ á ṣú u. Orí ìdá yìí ni wọ́n sì kọ́ gbogbo ìṣirò módà lé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i ní kíláàsì kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ?"

Barnabas, mo rántí. Ọdún yẹn ni kòkó wa so jù. Mo yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó wá bá mi fọ́ kòkó. Mo ní ìwé kò ní sá lọ. Nígbà tó padà, wọ́n ti kọ́ ìdá tán. Ojú tì í láti béèrè. Èmi náà kò bi í.

Láti ọjọ́ tí Gàzálì pè mí ni mi ò ti jẹ́ kó bá mi lọ sóko mọ́. Èmi nìkan ni mo ń ro ó. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé síléètì wá, á máa kọ́ èmi tí mi ò kọjá kíláàsì kejì. Gàzálì ló ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ènìyàn bá lè là yé ẹlòmíràn ti di tirẹ̀. Mò ń tòògbé, mò ń ṣì í, á ní, "Bàbá, ẹ tún un ṣe." Lọ́jọ́ kan mo bínú, mo ju síléètì náà mọ́lẹ̀, ó fọ́. Ó lọ yá òmíràn wá, kò bú mi, kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Lọ́dún tó kọjá, ó tún ìdánwò náà ṣe. Kò ṣe ipò kìíní, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ tó, wọ́n sì gbà á sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Oǹdó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ru àpótí rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ Oǹdó. Kó tó wọ ọkọ̀, mo ní, "Fúnmilọ́lá, èmi ni mo jẹ́ kí ìdá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Má bínú." Ó wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ti mọ̀ látìgbà náà. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni." Ọkọ̀ gbéra. Mi ò padà sílé; mo jókòó lẹ́bàá títì títí oòrùn fi kan àtàrí.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní sùúrù tí èmi kò tètè ní. Kí àwọn ọmọ wa ṣe jù wá lọ, kí wọ́n sì pẹ́ láyé lẹ́yìn wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Zachariah Olúwadáre.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù: Kí o tó wá olùkọ́ fún Ọlọ́runyọmí, wá ìwé ìṣirò rẹ̀ ti ilé-ìwé kékeré, kí ẹ jọ ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ibi tí ọmọ náà bá ti dákẹ́, ẹ dúró níbẹ̀. Má pariwo mọ́ ọn.