Ìyàwó Kánádà Ń Da Omi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje, 2025

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí pé ilẹ̀ ilé ìdáná wa tutù. A ti fi tó àwọn ẹbí létí. Màámi ti da ìborùn sí èjìká, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àwọn tó fẹ́ wá kí wọn kú ọ̀fọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fọ àwo ló da omi sílẹ̀ — èyí tí ẹ̀gbọ́n mi, Fọláyọ̀, fi ránṣẹ́ láti Kánádà nítorí ọrùn ọwọ́ tó ń dun Màámi. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyàwó Kánádà. Ó funfun, ó wúwo, bí kò bá sí iná kì í ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kó tó dé, èmi ni ẹ̀rọ. Èmi ni mò ń fọ gbogbo àwo ilé yìí, pẹ̀lú ti àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n máa ń jẹun lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú. HND ni mo gbà. Ìdí ìkòkò ni mo ń fi ha.

Màámi ní ṣebí Poly ni mo lọ, kí n tún un ṣe. Mo ní iṣẹ́ ìròyìn ni wọ́n kọ́ mi níbẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, kí n gba ìròyìn: omi ń jò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Mo yẹ họ́ọ̀sì ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Gbígbẹ. Mo yẹ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ wò. Ó mọ́ ju kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi lọ. Mo ká kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ọdún tó kọjá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kó má fì sí ẹ̀gbẹ́. Ó dúró ṣánṣán.

Ó dúró ṣánṣán, ó sì da omi sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ọ̀rọ̀ ti dé etí Ìjọba Ìsàlẹ̀. Ìyẹn Alhaji Làsísì, láńlọ́ọ̀dù wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń gbé lábẹ́ wa gan-an. Wọn kì í pariwo. Ohun tó ń bani lẹ́rù nípa wọn nìyẹn.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo bá wọn ní pálọ̀, tíì lọ́wọ́ kan, agbòjò ní ṣíṣí lọ́wọ́ kejì. Wọ́n ní, Rótìmí, ṣé o rí mi? Mo ní mo rí yín, sà. Ṣé òjò ń rọ̀ níta? Mo ní rárá, sà. Wọ́n ní ó dáa, omi sì kán sórí agbòjò, tó, bíi pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìdájọ́: kí oṣù yìí tó parí, ẹ̀rọ yẹn á jáde, tàbí kí àwa jáde. Èyíkéyìí tó bá jáde, àwọn á bá wa gbé e dé géètì.

Mo jíṣẹ́ fún Màámi. Wọ́n ní a kì í lé ìyàwó nítorí pé ó ń sunkún.

Ọ̀rọ̀ dídùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni àwo ń bọ̀ tí ìyàwó bá lọ? Mo wo ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Màámi wọ́n omi àdúrà sí i. Ẹ̀rọ tó ń jo omi, a tún bù kún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Abdulafeez wá láti àdúgbò Ọgbà. Fìríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń tún ṣe. Ó ní ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ó tú ìdí rẹ̀, ó tún un dì. Ó tàn án lófìfo. A jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Kò jò. Ó tún un tàn. Kò jò.

Ó ní, Bùrọ̀dá, nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ yìí. Àárò ilé ló ń sọ ọ́.

Kò tíì dé ojú títì tí Màámi fi kó àwo àárọ̀ sí i. Omi bo ilẹ̀. Màámi ní ojú ọkùnrin ló ń tì í. Láti ìsàlẹ̀, mo gbọ́ tí agbòjò ṣí — pàà.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Fọláyọ̀ pè wá lórí fídíò lẹ́yìn ìsìn. Màámi, nínú aṣọ àdúrà wọn funfun báláú, sọ fún un pé ẹ̀rọ ń ṣe dáadáa. Èmi ni mo di fóònù mú. Mo rọra kọ ojú rẹ̀ sí àjà. Fọláyọ̀ bi wọ́n bóyá ọṣẹ ẹ̀rọ tó fi ránṣẹ́, àwọn kóró kéékèèké yẹn, ti ń tán lọ. Màámi ní kò tíì tán rárá.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ó jọ pé ìyẹn nìkan ni òtítọ́. Báwo ni kò ṣe tíì tán?

Ọjọ́rú, 16

Mo gbé àpótí ìjókòó lọ sí ilé ìdáná, mo ní mò ń ṣa ẹ̀wà. Amí ni mò ń ṣe.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdúrà ti jẹun, wọ́n ti lọ. Màámi kó àwo sínú síǹkì, wọ́n fi ọwọ́ tó ń dùn wọ́n fọ gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá! Ọṣẹ olómi tí wọ́n ń pò fúnra wọn, tí ìdajì Ìfàkò-Ìjàyè ń rà, ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Wọn ò ṣan án. Wọ́n to àwo pẹ̀lú ìfófòó lára sínú Ìyàwó Kánádà. Wọ́n tún wá bu ife ọṣẹ kan lé e, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n tàn án.

Mo ní, Màámi, kí lẹ ti fọ̀ ọ́ fún? Wọ́n wò mí bíi pé mo bọ́ra sílẹ̀. Wọ́n ní, ìwọ lè gbé àwo tó ní ọbẹ̀ lára fún nǹkan tó ti òkè òkun wá? Kó wá máa rò pé irú èèyàn báyìí la jẹ́?

Ọṣẹ kóró ń kọ́? Ó wà nínú àpótí aṣọ. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ pàtàkì. Mo ní ọjọ́ wo? Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá mú ìyàwó wálé. Mo ní ọṣẹ yẹn á hewú. Wọ́n ní àwọn náà ti rí i bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni ìfófòó ti yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó rọra ń bọ̀ bí olóyè tó pẹ́ dé ìpàdé. Ó dé ilẹ̀, ó di omi, omi wá ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ.

Mo ní, Màámi, ọṣẹ yín ni.

Wọ́n ní, ọṣẹ tèmi? Mo rí i pé èmi náà lè bá ẹ̀rọ jáde lónìí. Mo yára ní, ó dára jù ni, Màámi. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ.

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní àwọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan òyìnbó, kò lókun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Ìdánwò. Ìjọba Ìsàlẹ̀ jókòó sí pálọ̀ wọn, lábẹ́ ẹ̀rọ gan-an, agbòjò ní pípadé lórí itan wọn bí kóńdó ọlọ́pàá. Màámi mú ọṣẹ kóró kan jáde láti inú àpótí, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fa ọmọ fún ọkọ. Mo kó àwo tó ní ọbẹ̀ lára sínú ẹ̀rọ. Màámi bo ojú.

Mo ń sáré gòkè, mo ń sáré sọ̀. Òkè gbẹ. Ìsàlẹ̀ gbẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, Alhaji fọwọ́ kan orí fìlà wọn, wọ́n wo ọwọ́ náà. Alihamudulilai, wọ́n ní, ẹ máa gbé.

Àwo ń dán. Màámi jó. Èmi lọ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sórí ibùsùn. Ọwọ́ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Màámi ní ṣebí iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́, kí n bá àwọn kọ ìkéde kan, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ
A fi àsìkò yìí sọ fún tọmọdé-tàgbà ilé yìí pé ara ẹ̀rọ ìfọ̀wo ti yá pátápátá. Nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó mọ́, kó má baà bàjẹ́ kí ẹni tó rà á tó wá wò ó. A ó fi aṣọ funfun bò ó. Fífọ àwo, títí kan ti Ọjọ́rú, ti padà sọ́wọ́ Olúwarótìmí láti òní lọ. A kò ní gba ẹ̀bẹ̀.
Nípa àṣẹ,
Ìyá Ilé.