Ìbò Tí A Dì Láàrin Ọlọ́run àti Àwọn Ará Ìràwọ̀

Kílódé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara ń le, ṣé ìwé tí ò ń kà ní yunifásítì kò mú ọ gbàgbé oúnjẹ? Kí Ẹlẹ́dàá tó mú ọ dé ibẹ̀ má fi ẹ̀yìn rẹ sílẹ̀ fún ọ̀tá, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí àwọn ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí ẹni tó ní o ò ní kàwé já jókòó sí iwájú lọ́jọ́ tí wọn yóò pe orúkọ rẹ. Àmín. Mo mọ̀ pé irú ẹ̀kọ́ tí ò ń kọ́ lè má jẹ́ kí o ṣe àmín yẹn, nítorí náà mo ti bá ọ ṣe é. Àwa náà wà. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ò jò mọ́, irun ò sì yéé hù lórí àwọn èèyàn, ìyẹn ni pé iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ò tíì parí. Ìyá rẹ kí ọ, kí ọ, kí ọ. Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ gan-an ni mo torí ẹ̀ gbé bírò, kò dára rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ ibẹ̀.

Ìwádìí tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi dé. Mo kà á, mo nu awò ojú mi, mo tún un kà. Ó ní kí a sọ èyí tó ṣeé ṣe jù, nínú kí àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí máa gbé inú ìràwọ̀ àti kí Ọlọ́run wà, kí a sì tẹ ọ̀kan. Ọmọ mi, àyà mi já. N ò mọ̀ pé Ọlọ́run ń du ipò pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, n ò sì mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ tèmi ni wọn yóò ti ka ìbò rẹ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, pé bí Ọlọ́run bá lọ fìdí rẹmi nínú ìbò tí ọmọ onígbàjámọ̀ ṣètò, ojú wo ni n óò fi wọ ilé àdúrà? Nítorí náà mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ ìpolongo.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dìbò. Kí fóònù tó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo dìde dúró, mo ṣí fìlà, mo jẹ́rìí. Ó tún kó àwòrán kéékèèké síta, ó ní kí n tẹ gbogbo èyí tí kẹ̀kẹ́ bá wà nínú rẹ̀, mo sì tẹ̀ wọ́n láìku ọ̀kan. Mo yìn yín fún ìyẹn, nítorí ẹni tí kò bá dá kẹ̀kẹ́ mọ̀, báwo ni yóò ṣe dá Ọlọ́run mọ̀? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ní kò tọ́pẹ́, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn mọ́, ó jọ pé èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní fóònù kan, ìbò kan, nítorí náà mo ní kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan máa mú fóònù tirẹ̀ dání bó bá ń bọ̀ wá gẹrun.

Tíṣà tó máa ń wá ní ìparí oṣù ló fẹ́ dà á rú. Ó jókòó sórí àga, mo da aṣọ bò ó, ó wá ń sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé ìràwọ̀ pọ̀ ju iyanrìn lọ, pé kò lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣófo, pé àwọn ará ìràwọ̀ ló ṣeé ṣe jù. Mo ní òótọ́ ni, ìràwọ̀ pọ̀. Mo ní ilé náà pọ̀ ní ìlú tí ọmọ mi wà, ó máa ń sọ fún mi, àwọn kan ga débi pé ọrùn á dun èèyàn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn ju ẹni tó ń ṣọ́ géètì lọ. Pé ilé pọ̀ kò ní kí ẹnì kan wà nílé. Mo tún ní bí a bá tiẹ̀ rí àwọn èèyàn náà, ta ló dá wọn? Ẹni tó kọ́ ilé àti ẹni tó háyà yàrá nínú rẹ̀, níbo ni wọ́n ti jọ ń du orúkọ onílé rí? Tíṣà ní òun gbà. Abẹ wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo fi dẹ́rù bà á, ibi tí iṣẹ́ dé ni.

Ti wẹ́dà ló dùn mí. Wẹ́dà yìí, tó ń jó irin pọ̀, ló gba yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, o ti lọ kó tó dé, o ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n má bínú, òun á kọ́kọ́ gbà pé àwọn ará ìràwọ̀ wà kí òun tó gbà pé Kílódé tí à ń pariwo rẹ̀ wà, nítorí láti ìgbà tí òun ti ń gbé lọ́dọ̀ wa, òun kàn ń gbọ́ pé o kí wa ni, òun kàn ń gbọ́ pé owó dé, òun ò rí bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà rí, ìròyìn ò sì tó àfojúbà. Ààbọ̀ orí rẹ̀ ni mo ti gẹ̀. Mo pa kílípà, mo ní iná ti lọ. Ó ní fáànù ń yí. Mo ní atẹ́gùn ni. Ó gbé ààbọ̀ orí yẹn kiri àdúgbò títí di ìrọ̀lẹ́, ó padà wá, ó sì dìbò fún Ọlọ́run tinútinú.

Nígbà tí mo rí i pé Ọlọ́run ti ń wọlé lọ, mo ní kí ìyá rẹ wá fi tirẹ̀ dé e. O mọ ìyá rẹ, ẹni tí ń jí ṣáájú àkùkọ, tí yóò máa dárúkọ rẹ fún Ọlọ́run títí oorun yóò fi tún gbé mi lọ. Mo ka ìbéèrè náà sí i létí ní ilé ìdáná. Ó ronú, ó ní ti àwọn ará ìràwọ̀ ni òun fẹ́ tẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n jókòó sórí ìkòkò gbígbóná. Mo ní kí ló kọ lu ìwọ obìnrin yìí? Ó ní Ọlọ́run mọ ilé òun, ọ̀rọ̀ àárín àwọn ti kọjá ìbò, kò sì ní torí ẹ̀ kẹ̀yìn sí òun. Ó ní ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà níbi tó jìnnà báyẹn, tí gbogbo ayé ń sọ pé kò sí, kò ní burú bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbà fún un pé ó wà. Ó ní ó lè jẹ́ pé ẹni náà ní ìyá. Inú bí mi.

Mo ní èrú ò sí nínú ìbò, kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Mo gbé fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo ka ohun tó wí fún un, pé kó tẹ kẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ tẹ igi. Ó tẹ ògiri. Fóònù kó òmíràn síta, ó ní kó tẹ àtẹ̀gùn, ó tẹ ojú ọ̀run. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà, fóònù ní òun ò lè jẹ́rìí sí i pé èèyàn ni. Mo bú u! Obìnrin tí mo fẹ́ láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, tó bímọ fún mi, fóònù ní kò dá òun lójú pé èèyàn ni. Mo ní kí ìyá rẹ wò ó dáadáa kó dójú tì í. Ìgbà náà ló wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé òun ò rí nǹkan kan nínú fóònù mọ́, ó ti pẹ́. Kílódé, gbogbo àwòrán rẹ tí mo ń fi hàn án, tó ń ní o ti sanra, tó ń ní aṣọ yẹn yẹ ọ́, ohùn mi ló ń tẹ̀ lé. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo tìlẹ̀kùn, mo sunkún.

A lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, ìyá rẹ ní òun kì í ka ìwé ilé onílé. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ kan sí i lójú, wọ́n wo inú rẹ̀ lọ títí. Dókítà ní ti òsì ti lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ó ní ti ọ̀tún, àwọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní oṣù tó ń bọ̀ láti dá ìwọ̀nba tó kù dúró. Mo ní ṣé yóò ríran lẹ́yìn náà? Ó ní ó ṣeé ṣe. Mo ní ṣé ó lè má ríran? Ó ní ìyẹn náà ṣeé ṣe. Mo bi í léèrè bóyá yunifásítì tí ìwọ wà ni òun náà ti jáde. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, mo kọ Ọlọ́run. Nọ́ọ̀sì ní kí n kọ ẹni tó ní fóònù. Mo wá kọ ìwọ.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó iṣẹ́ abẹ náà ránṣẹ́, kí o sì fi ti kílípà kún un bí agbára bá ká a, ti ọwọ́ mi ti ń fa irun tu báyìí, àwọn oníbàárà ń sunkún. Má fi sí báńkì tèmi o. Báńkì kọ̀wé sí mi pé n ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ nọ́ńbà àṣírí mi, mo sì pa á mọ́ débi pé èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n mọ́. Fi ránṣẹ́ sí ti wẹ́dà, a ti parí ìjà.

Ṣùgbọ́n bí owó ò bá tíì sí, máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo bi ìyá rẹ pé kí ló wù ú láti wò kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, mo ti ń ṣírò ọkọ̀ tí n óò fi gbé e lọ wo òkun. Ó ní ìwọ ni. Ó tún yára ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu, ìwé lò ń kà, òun gbà pé o wà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Bí o bá ka ìbò tán, tó bá jẹ́ àwọn ará ìràwọ̀ ló wọlé, bá mi kí wọn, n ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ìyá rẹ ti gba Ẹnì kan gbọ́ láìrí i, kò sì ráhùn rí. Ẹnì kan yẹn tó o. Má fi ara rẹ kún un.

Kí ọ̀nà là fún ọ, kí ọkọ̀ tí o bá wọ̀ gbé ọ délé láyọ̀, kí o bá ojú ìyá rẹ níbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.