Omi Tó Bá Bàbá Rẹ Lọ

Dervla ọmọ mi,

Bí o bá ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí lẹ́tà yìí dé, jẹun tán ná, kò sí ohun burúkú nínú rẹ̀. Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ gbogbo Dublin kò ní gbójú kúrò lára tìrẹ, Màríà Wúńdíá yóò máa bá ọ sọdá títì. Níbí, òjò ń rọ̀, màlúù Packie aládùúgbò wa ti bímọ, ara mi náà ò sì burú, àfi pé mo ṣì ń sùn mọ́ ògiri bí ẹni pé bàbá rẹ á fẹ́ àyè.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí omi tán nínú táǹkì lẹ́yìn ìsìnkú, tí ẹ̀rọ kànga ò fa òmíràn wá mọ́, o sọ fún mi pé bí kò bá padà títí di ìsìn Máàsì tí a ó ṣe nígbà tí bàbá rẹ bá pé oṣù kan tó ti kú, wàá wá kó mi lọ sí Dublin, wàá sì ta ilé. Mi ò bá ọ jà, ìfẹ́ ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, àmọ́ garawa tí mò ń gbé bọ̀ láti ilé Packie, òun àti eékún mi kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Mo pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe bí o ṣe ní kí n ṣe. Obìnrin kan tó lóhùn dídùn ní kí n dúró, èèyàn díẹ̀ ló wà níwájú mi lórí ìlà. Mo bá dìde, mo wọ kóòtù, mo dúró nídìí tábìlì, torí kò dáa kí n jókòó nígbà tí àwọn ẹlòmíràn wà lórí ìdúró, mo sì ń wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ti tò sẹ́yìn mi. Wọ́n wá ń fun fèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí mi létí. Mo ní wọ́n ti gbọ́ pé bàbá rẹ kú nìyẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó ní èmi ṣe pàtàkì sí àwọn. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Fèrè yẹn gùn, oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ lórí ìdúró, títí fóònù fi kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Packie wá mú ẹ̀ka igi tó pín sí méjì wá, èyí tí wọ́n fi ń wá omi. Ó rìn yí kànga ká, igi náà tẹrí ba. Ó ní omi wà níbẹ̀, ó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Mo gbà á gbọ́, torí bàbá rẹ nìkan ló ń wọ ilé kànga, ilé kékeré tí ẹ̀rọ wà, èmi kì í débẹ̀ nítorí aláǹtakùn. Lọ́sàn-án, mo máa ń jókòó sẹ́bàá kànga, màá gbé etí lé ọmọrí rẹ̀, màá máa gbọ́ nǹkan nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń rọra bọ́ bàtà. Mi ò mọ̀ bóyá àlá ni. Mo ní, Malachy ọkọ mi, bí o bá tiẹ̀ ń lọ, fi omi sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ ìsìn Máàsì náà, Attracta, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, wọlé láti Sligo. Mo rojọ́ omi fún wọn bí mo ṣe ń bu omi Packie sí kẹ́tùlù. Wọ́n gbé ife sílẹ̀, ojú wọn funfun. O rántí pé àwọn ló ṣí fèrèsé kí ẹ̀mí bàbá rẹ lè rí ọ̀nà lọ, tí wọ́n da aṣọ bo dígí, tí wọ́n dá gbogbo aago ilé dúró bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Wọ́n ní àwọn tiẹ̀ rí ọ̀kan lára ògiri ilé kànga, àwọn sì dá òun náà dúró, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn ṣe iṣẹ́ ààbọ̀. Nígbà tí a dé láti itẹ́ òkú, mo tún yí àwọn aago inú ilé kí wọ́n máa lọ, mi ò mọ̀ pé ọ̀kan wà ní ilé kànga. Àṣé aago yẹn, tó so mọ́ iná ẹ̀rọ, ni bàbá rẹ fi ń jí ẹ̀rọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó lè fa omi.

A jọ lọ síbẹ̀. Dervla, ọwọ́ mi kọ̀, kò lọ síbi aago. Níbi gbogbo láyé, bàbá rẹ ti kú láti oṣù kan. Lójú aago kékeré yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí èémí ìkẹyìn ni, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú tèmi. Mi ò fẹ́ kí ó kọjá ibẹ̀. Attracta ò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, mo mọ̀. Àbúrò mi ni. Ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ wá. Jẹ́ kó máa lọ.”

Mo yí i. Ẹ̀rọ kùn, páìpù ilé ìdáná wúkọ́, omi pupa yọ, lẹ́yìn náà ó mọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bu u mu. Mo ti rò pé adùn rẹ̀ á ti yí padà, kò yí padà rárá, ìyẹn ló pa mí lẹ́kún. A sunkún, a sì fọ gbogbo àwo ilé, títí kan èyí tó mọ́. Mo ti pe obìnrin orí fóònù yẹn pé mo ti kúrò lórí ìlà, kí ẹni tó wà lẹ́yìn mi lè sún síwájú.

Nítorí náà, má gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá. Kó àwọn ọmọ wá kí wọ́n wá mu omi. Ọdún tí mo lóyún rẹ ni bàbá rẹ gbẹ́ kànga yẹn, omi rẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi wẹ̀ ọ́. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́, torí ẹ̀rọ ń jẹ iná, orí ilé kànga sì ń jò.

Ọlọ́run yóò bá ọ tọ́ àwọn ọmọ rẹ. Wàá dàgbà, wàá darúgbó nínú ilé tí ìwọ àti ọkọ rẹ jọ kọ́, àwọn ọmọ rẹ kò sì ní wá kó ọ kúrò níbẹ̀.

Ìyá rẹ,
Philomena